Ó Ku Ìkorò

Dúrótolú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló fi agolo náà ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó,
ó dì í sáàárín ṣòkòtò méjì àti bàtà tí kò bá mi lẹ́sẹ̀ mu.
Omi ọkà dúdú, ó ń fà bí oyin,
ìwúkàrà gbígbẹ nínú bébà kékeré,
àti ìwé ìlànà tí mo fi awò kà lẹ́ẹ̀mẹta:
Tú u sínú ike. Bu omi lé e. Dúró.

Mo tú u. Mo bu omi kànga Ògìdì lé e.
Mo dúró.
Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí òkè, níbi tó tutù,
ike náà ń sọ̀rọ̀ lóru, pọ̀, pọ̀, pọ̀,
bí àgbàlagbà tó ń fa ìkòkò tábà tí iná rẹ̀ ti kú.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mo pe Medúpìn, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
ẹni tí kì í purọ́ àfi tó bá ń dá ọjọ́ aṣọ.
Ó ní, "Ọ̀kún o." Ó mu ún. Ó wo àjà.
"Tíṣà, ọtí yìí dà bí ọmọ tí wọn ò nà rí."

Ìgbà náà ni mo rántí Ìyádùnní, ìyá mi,
ọlọ́tí bàbà ní ẹsẹ̀ òkè:
á rẹ ọkà, á fi ewé bò ó títí yóò fi hu irun funfun,
á sá a sórí àpáta, á lọ̀ ọ́, á sè é,
ìkòkò mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin.
Kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni yóò ju ewúro sí i,
ẹ̀kúnwọ́ kan, kì í fọ̀ ọ́.
"Adùn nìkan ní í tètè kan," ló máa ń wí.
N kò bi í pé kí ló dé.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ìsàlẹ̀ igbá ni mo ń wá.

Mo kọ ọ́ sórí fóònù: Ọtí rẹ kò korò.
Dúrótolú fi ewé rán ẹnìkan tó ń bọ̀ wá sìnkú ní Kábà.
Ọ́ọ̀pù ló pè é, òdòdó tó ń gun okùn bí iṣu ṣe ń gun igi;
wọ́n ti lọ̀ ọ́ di kóro bí oúnjẹ adìẹ,
ó ń rùn bí koríko àti ọsàn tó jọ sùn nínú àpò kan.
Kò kún ọwọ́.
Mo já ewúro ẹ̀yìnkùlé kún un, mo họ orógbó méjì sí i.

Ọmọ náà kọ́ mi ní ohun tí ìwé ìlànà kò kọ:
èyí tó bá tètè wọ iná, tó bá a gbé fún wákàtí kan,
ìkorò ni yóò fi sílẹ̀, òórùn rẹ̀ á bá èéfín lọ.
Èyí tó bá pẹ́ kó tó dé, tí a jù sí i bí iná ti ń kú,
òórùn ni yóò kù.

Mo jókòó ti ìkòkò, mo ń wo aago.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ni ní kẹ́mísìrì ní Ìyàrá,
n kò kọ èyí sí pátákó rí.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ìyá mi kú.
Ẹ̀bùnolú, ìyàwó mi, kú lọ́dún tó kọjá,
ìborùn rẹ̀ ṣì ń ta sánsán nínú àpótí.

Mo mú ọ̀kan jáde. Medúpìn fi rán àpò ewé,
kò béèrè ẹni tó ni ín,
ọjọ́ náà gan-an ló parí rẹ̀.
A di ewé tó kẹ́yìn sínú rẹ̀, a sọ ọ́ sínú ike.

Ìgò méjì fọ́ lóru, adìẹ aládùúgbò mu nínú rẹ̀,
ó sùn títí oòrùn fi kan àtàrí.
Ìgò kẹta ni a ṣí.
Medúpìn mu ún, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ojú rẹ̀ kán wìnnìkín.
"Wọ́n ti nà án jù," ó ní,
ó sì na ife rẹ̀ sí mi.